Gíà Kejì Ni Yàrá Ìyá Sílífà

Ariwo mẹ́ta ló máa ń jí wa nílé wa ní Ajégúnlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Àkọ́kọ́ ni ìpè àdúrà láti mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìnkùlé. Èkejì ni ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Kò sí ọmọ-ọmọ tó lè gbálẹ̀ kó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì máa ń fi ìgbálẹ̀ náà sọ èrò ọkàn rẹ̀ fún gbogbo ayálégbé lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń gbá iwájú yàrá wọn kọjá. Ẹ̀kẹta ni píkọ́ọ̀pù bàbá mi. Ọkọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì ni, ó ti dàgbà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kì í sì í jí lẹ́ẹ̀kan náà. Á kọ́kọ́ wúkọ́, á sinmi, á tún wúkọ́, á wá gbọn gbogbo ara rẹ̀ jìgìjìgì títí àwọn abọ́ tó wà lórí pẹpẹ màmá mi á fi máa kan ara wọn, lẹ́yìn náà èéfín dúdú á gba ojú fèrèsé wọlé wá kí wa. Àbúrò mi ọkùnrin, tóun náà ti di bàbá ọmọ báyìí, máa ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé èéfín yẹn ló jẹ́ kí òun dúdú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti dúdú kí bàbá wa tó ra ọkọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ilé náà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ní yé e. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló la ilé náà já láti ẹnu ọ̀nà títì títí dé ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀kùn mẹ́ta wà lọ́wọ́ òsì, mẹ́ta wà lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n kọjú sí ara wọn bí àwọn tó jọ ń jẹun. Bí èèyàn bá wọlé, yàrá wa ni àkọ́kọ́ lọ́wọ́ òsì. Ìyá Sílífà tó ń din ẹja tà ló kọjú sí wa. Lẹ́yìn tiwa ni yàrá Bàbá Ẹdó tó ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù Àpápá, Télọ̀ sì kọjú sí i pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tí kì í sinmi. Lándíọ́ọ̀dù ló wà ní ìparí ọwọ́ òsì. Ohun tó kọjú sí Lándíọ́ọ̀dù ni ilé ìyàgbẹ́. Ó ní òun fẹ́ máa mọ ẹni tó ń lò ó jù. Àwa mẹ́fà la wà nínú yàrá kan: Ìyá Àgbà lórí bẹ́ẹ̀dì, bàbá àti màmá mi lẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú ọmọ tuntun, èmi àti àbúrò mi lórí ẹní. Kò sí àṣírí nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá din ata lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ló máa sín. Mo ti gbé ilé tó tóbi ju ìyẹn lọ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ilé tí wọ́n ti ń tètè sọ àṣìṣe èèyàn fún un bíi tiwa.

Ẹrù kéékèèké ni bàbá mi máa ń fi píkọ́ọ̀pù náà kó ní Àpápá: fíríìjì àlòkù, táyà, àpò ìrẹsì, nígbà mìíràn ẹrù ẹni tó ń kó kúrò nílé. Láti òwúrọ̀ ló ti máa ń dúró sẹ́nu géètì wọ́ọ̀fù pẹ̀lú àwọn awakọ̀ yòókù, kí ẹnìkan lè nàka sí i. Ọjọ́ mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kì í nàka. Èmi máa ń mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láti ara bó ṣe ń jẹ ẹ̀bà: òkèlè rẹ̀ á kéré, á máa sọ pé òun kò fẹ́ràn ẹja, á sì dá ẹja tirẹ̀ sínú abọ́ wa. Ó fẹ́ràn ẹja. Àìsàn ọkọ̀ náà sì wà nínú gíà. Gíà mẹ́rin ló ní, èkejì nínú wọn máa ń fò jáde bí ọkọ̀ bá ń gun òkè. Ẹni tí kò gbé Èkó rí á béèrè pé òkè wo. Afárá ni òkè wa. Bí wọ́n bá ti ń gun afárá Ìjọra, màmá mi á fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá gíà mú bí ẹni tó di ìwo àgbò mú, kó má baà sá lọ. Nígbà tó bímọ tí kò lè bá bàbá mi jáde mọ́, gèlè rẹ̀ ni bàbá mi ń fi so ọ̀pá náà mọ́ ẹsẹ̀ ìjókòó. Gèlè mẹ́ta ló bá iṣẹ́ yẹn lọ. A dàgbà tán, màmá mi ṣì ń dárúkọ àwọ̀ wọn fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọdún yẹn ni Alhaja kan tó ní ilé búrẹ́dì ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta ń wá ẹni tí á máa kó ìyẹ̀fun fún un láti Àpápá, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, lọ́sẹ̀ gbogbo. Ìyẹn ni pé bàbá mi kò ní máa dúró kí ẹnikẹ́ni nàka sí i mọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹni tó ń bá Alhaja ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti dákú lórí afárá Ìjọra, òjò sì ti pa ìyẹ̀fun náà títí ó fi di ẹ̀kọ. Alhaja kò fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́. Ó wá sílé wa fúnra rẹ̀, ó wo píkọ́ọ̀pù náà níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó ní, "Dẹ̀rẹ́bà, Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àti ẹ̀yin la jọ máa wà nínú ọkọ̀ yìí. Tó bá gbé ẹrù mi gun afárá Ìjọra láì dúró, iṣẹ́ ti di tiyín. Tó bá dúró pẹ́rẹ́, kí Ọlọ́run bá wa wá tiwa síbòmíràn." Ó tún fi kún un pé òun kì í jókòó ti ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ òun, nítorí náà kí bàbá mi wá obìnrin kan tí á jókòó sí àárín àwọn. Ìyá Àgbà ní, "Èmi ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ ìyẹn parí síbẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ìjókòó àárín yẹn ló máa le jù.

Ọ̀gá Múfú ni mẹkáníìkì wa. Ó ga, ó sì sanra tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé kì í rá wọ abẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ ni wọ́n máa ń gbé sókè fún un. Ó wo gíà náà, ó mi orí. Ó ní eyín inú rẹ̀ ti jẹ tán, bí ẹni tó dàgbà tó ń jẹ egungun. "Ẹ jẹ́ ká fi onígíà márùn-ún sí i," ó wí. "Ẹ ó rí i, bí ọmọge ló máa sáré." Ó rí onígíà márùn-ún kan láàárín àwọn ọkọ̀ tó ti kú lẹ́bàá ọ̀nà Tin Can, wọ́n sì fi ọmọlaǹkẹ tì í wá sílé. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi fọ̀ ọ́ nínú ọgbà wa. Abọ́ tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun ni wọ́n bu kẹrosíìnì sí, wọ́n kó àwọn eyín gíà sínú rẹ̀, wọ́n sì tẹ́ ẹní láti sá wọn. Lándíọ́ọ̀dù ń ka eyín wọn bí ẹni tí ń ka ọmọ tó bá dé láti oko. Ọmọ tuntun rùn kẹrosíìnì, ọbẹ̀ rùn kẹrosíìnì, bíbélì màmá mi pàápàá rùn kẹrosíìnì. Nígbà tí òjò dé, wọ́n gbé gíà náà wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n da aṣọ bò ó. Bàbá Ẹdó tó ti wọ́ọ̀fù dé tẹríba níwájú rẹ̀, ó ní, "Good evening, sah," ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ó rò pé àlejò Lándíọ́ọ̀dù ni.

Ọ̀gá Múfú gba tépù lọ́wọ́ Télọ̀, ó wọn gíà tuntun náà bí ẹni fẹ́ rán ṣòkòtò fún un. Ó wọn ìbú, ó wọn gígùn, ó wọn ihò bóòtù. Ó gùn ju ti àtijọ́ lọ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan ó lé díẹ̀. Nítorí náà ó gbé irin gígùn tó ń yí táyà ẹ̀yìn lọ bá jórinjórin, ìyẹn gé e kúrú, ó jó o pọ̀, lọ́jọ́ kejì ó sì lọ sí Abẹ́òkúta fún ìsìnkú. Mo sọ ìyẹn kí ẹ lè mọ̀ pé kò sí ọ̀nà àtipadà sí gíà àtijọ́ mọ́: irin ti kúrú. Ohun kan ṣoṣo tí Ọ̀gá Múfú kò wọ̀n ni ibi tí ọ̀pá gíà máa yọ sí. Gíà tó gùn, ìdí rẹ̀ jìnnà, ìdí rẹ̀ ni ọ̀pá náà sì wà. Ní Ọjọ́rú, tí wọ́n de bóòtù tó gbẹ̀yìn, tí gbogbo ilé dúró yí ọkọ̀ ká, ọ̀pá gíà kò yọ níwájú ìjókòó bíi ti tẹ́lẹ̀. Abẹ́ ìjókòó ló wà, ó ń fi orí kan tìmùtìmù nísàlẹ̀ bí òròmọdìẹ tó fẹ́ pa. Wọ́n fi ọ̀bẹ la tìmùtìmù náà, ọ̀pá náà sì yọ sókè ní àárín gbùngbùn ibi tí èrò àárín máa ń jókòó sí.

Bàbá mi wo ọ̀pá náà, ó wo Ọ̀gá Múfú.

"Múfú, kí nìyí?"

"Gíà ni, ẹ̀gbọ́n."

"Mo rí i pé gíà ni. Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

Ọ̀gá Múfú yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ̀gbọ́n, ká sọ òótọ́," ó wí. "Gíà yìí ò ní àléébù kankan. Ìjókòó yìí ni wọn ò gbé sí ibi tó dáa."

Bàbá mi gbìyànjú láti máa wà á bẹ́ẹ̀. Ó ní láti yí apá sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, ojú rẹ̀ á sì bá apá náà lọ. Kò tíì dé ìkángun òpópónà wa tó fi kó sí gọ́tà. Jórinjórin nìkan ló lè tẹ ọ̀pá náà wá síwájú, ó sì di ọ̀sẹ̀ mìíràn kó tó dé láti ibi ìsìnkú. Sátidé ni Alhaja ń bọ̀. Bàbá mi jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó di orí mú. Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà sọ ọ̀rọ̀ tí a ń sọ títí di òní. Ó ní, "Àlàó, gbé orí sókè. Àárín ni mò ń jókòó sí tẹ́lẹ̀. Kí o máa yí ọwọ́ ọkọ̀, kí n máa bá ọ yí èyí. Ta ló kọ́ ọ ní ìrìn?"

Bàbá mi ní, "Ẹ̀yin ni, mà."

"Ó dáa. A ó tún bẹ̀rẹ̀."

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé Ìyá Àgbà kò gbà láti fi nọ́ńbà kọ́ ọ. Bàbá mi ní gíà kìn-ín-ní rèé, èkejì rèé, ẹ̀kẹta rèé. Ìyá Àgbà ní òun mọ owó kà, òun mọ ọmọ kà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò ní ilé. Bí wọ́n bá rán òun sí ẹ̀kẹta, níbo ni kí òun wá a lọ? Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo ya bí ọ̀pá náà ṣe ń rìn sórí símẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, bó ṣe wà lórí kókó ọ̀pá náà gan-an: ìlà gígùn kan ní àárín, ẹ̀ka mẹ́ta sókè, ẹ̀ka mẹ́ta sísàlẹ̀. Mo gbà pé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ẹnikẹ́ni láyé mi nìyẹn. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó tún nàró, ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti òpin dé òpin. "Àṣàkẹ́," ó wí, "ṣé kì í ṣe ilé wa lo yà yìí?"

Òun ló rí i, kì í ṣe èmi. Àbúrò mi máa ń fi ìyìn náà fún mi. Kí ó dáwọ́ dúró. Ìlà àárín ni ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí gíà kì í ti ṣe iṣẹ́ kankan. Gíà kìn-ín-ní ni yàrá wa. Gíà kejì tó kọjú sí i ni Ìyá Sílífà. Ẹ̀kẹta ni Bàbá Ẹdó, ẹ̀kẹrin ni Télọ̀. Ìkarùn-ún, tí wọ́n fi ń sáré lọ́nà jíjìn, ni Lándíọ́ọ̀dù, èyí tí wọ́n fi ń padà sẹ́yìn sì ni ilé ìyàgbẹ́. Láti ìgbà náà Ìyá Àgbà kò ṣe àṣìṣe kankan mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ ó jókòó sórí àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ki ọmọrogùn bọ inú odó òfìfo, bàbá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà ó ń pe gíà fún un. "Yàrá wa! Ìyá Sílífà! Bàbá Ẹdó! Télọ̀!" Bó bá ti pe ẹnìkan, ẹni náà á yọ jáde. Télọ̀ jáde pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Bàbá Ẹdó tí kò ríṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn jáde ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ó ní, "Mama, abeg, if una no want me, make una leave me make I sleep." Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé àga rẹ̀ jáde kó lè gbọ́ orúkọ rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ náà ni kò dùn mọ́ Ìyá Sílífà. Ní ọjọ́ Jímọ̀, nínú ilé ìdáná tí gbogbo wa jọ ń lò, ó béèrè lọ́wọ́ Ìyá Àgbà pé ta ló pín ipò náà. Ó ní òun ti wà nínú ilé yìí kí wọ́n tó kan páànù sí i. Ó ní Télọ̀ tó kó dé lánàá yìí di ẹ̀kẹrin, Bàbá Ẹdó tí kò tiẹ̀ mọ ọjọ́ tí wọ́n ń gbálẹ̀ di ẹ̀kẹta, òun wá di ẹlẹ́ẹ̀kejì? Ìyá Àgbà ní ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ló fà á. Bó bá fẹ́ jẹ́ ìkarùn-ún, kó lọ fẹ́ Lándíọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ yẹn kò dára, kò sì yẹ kó sọ ọ́. Ìyá Sílífà gbé ìkòkò àgbo Ìyá Àgbà kúrò lórí iná, ó gbé epo ẹja rẹ̀ ka ibẹ̀. Nílé wa, èèyàn lè bú ẹlòmíràn kó sì jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n a kì í sọ ìkòkò ẹni tó dàgbà ju ni lọ kalẹ̀. Ìyá Àgbà jáde sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè lójú gbogbo wa. "Láti òní lọ," ó wí, "ọwọ́ mi yìí kò ní kan ilẹ̀kùn Ìyá Sílífà mọ́. Mo búra." Gbogbo wa rò pé ilẹ̀kùn onígi ló ń sọ.

Sátidé, òwúrọ̀, wọ́n di ìyẹ̀fun kún píkọ́ọ̀pù náà ní Àpápá. Èmi àti Ọ̀gá Múfú jókòó sórí àpò lẹ́yìn. Ó gbé igi ńlá kan lọ́wọ́, kó lè fi dá táyà dúró bí ọkọ̀ bá fẹ́ yí padà. Gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ ti fọ́ tipẹ́, wáyà ni wọ́n fi dí i, nítorí náà gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nínú ọkọ̀ ni mò ń gbọ́. Bàbá mi wà lẹ́nu ọwọ́ ọkọ̀, Alhaja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìborùn funfun àti ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà, Ìyá Àgbà wà láàárín. Ó ti da ìró bo ọ̀pá gíà náà nítorí ìtìjú, ó wá dà bí ẹni tó gbé ewúrẹ́ pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Kò sí ẹni tó tíì ṣàlàyé fún Alhaja. Bàbá mi fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Yàrá wa!" bàbá mi kígbe. Ìyá Àgbà ti ọ̀pá náà síwájú, ọkọ̀ gbéra. "Ìyá Sílífà!" Ìyá Àgbà kò mira.

"Ìyá Sílífà, mà!"

"Mo ti búra," Ìyá Àgbà wí. "Jẹ́ ká gba ọ̀dọ̀ Bàbá Ẹdó." Ó sì fi ọ̀pá náà sí gíà kẹta. Ọkọ̀ kérora, ó gbọ̀n, ó sì ń lọ. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, èèyàn lè fo gíà kejì. Mo rí i tí òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́rùn bàbá mi, nítorí ó mọ ohun tó wà níwájú.

Alhaja bojú wo bàbá mi. "Dẹ̀rẹ́bà, ta ni Bàbá Ẹdó?"

"Aládùúgbò wa ni, mà."

"Ṣé ó wà nínú ọkọ̀ yìí?"

"Rárá o, mà. Ó wà ní wọ́ọ̀fù."

Alhaja fa tẹ̀súbáà rẹ̀ yọ nínú àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka á.

Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ afárá Ìjọra, ọkọ̀ ṣì ń sáré díẹ̀. Nígbà tí a dé ìdajì, ó ti ń rìn bí aboyún. "Ìyá Sílífà!" bàbá mi ń pariwo. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, Ìyá Sílífà!" Ìyá Àgbà ní kó jẹ́ kí àwọn padà sí yàrá wa, ó sì gbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n gíà kìn-ín-ní kò gbà á nígbà tí táyà ń yí, ó pariwo gàràgàrà bí ẹni tó ń jẹ òkúta, ó lé e padà. Bàbá mi na apá láti fà á fúnra rẹ̀, ọkọ̀ sì yà bàrá sọ́nà tírélà kan. Ó sáré di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlaǹkẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó kí wa, ó sì kọjá lọ. Ọ̀gá Múfú gbé igi rẹ̀ lé èjìká, ó ń ka gbogbo àdúrà tó mọ̀.

"Kí ló dé?" Alhaja pariwo. "Ta ni Ìyá Sílífà? Kí ló ṣe fún Ìyá?"

Mo fẹnu kan wáyà. "Gíà kejì ni, mà! Ọ̀pá gíà wà lábẹ́ aṣọ wọn! Yàrá Ìyá Sílífà ni gíà kejì, Ìyá Àgbà sì ti búra pé ọwọ́ àwọn kò ní kan ilẹ̀kùn wọn mọ́!"

Alhaja ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì péré. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n láyé mi, àwọn mìíràn nínú wọn kàwé gidigidi, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tí ọ̀rọ̀ tètè yé bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí Ìyá Àgbà. "Ìyá, ṣé ẹ búra lóòótọ́?"

"Mo búra, lójú gbogbo ilé."

"Ẹ má lọ nígbà náà. Ìbúra kì í ṣe nǹkan eré. Ṣùgbọ́n èmi kò bá a jà, mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n rí. Níbo ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà?"

"Ẹ kọ́kọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀," Ìyá Àgbà wí kíákíá. "Ẹ wá sápá títì, lọ́dọ̀ dẹ̀rẹ́bà, kí ẹ wá fà á sẹ́yìn. Ẹ má yà sọ́dọ̀ Télọ̀ o!"

Alhaja ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìró Ìyá Àgbà. Bàbá mi tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ tán pátápátá. Ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Mo rí àwọn táyà ọmọlaǹkẹ tó wà níwájú wa, mo sì mọ̀ pé wọ́n ń yára jù wá lọ. "Ìyá Sílífà o!" Alhaja kígbe, gbogbo ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ró ṣaworo, ó sì fa ọ̀pá náà wọlé. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Píkọ́ọ̀pù náà gbé imú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, díẹ̀díẹ̀, láì dúró. A kọjá ọkùnrin ọlọ́mọlaǹkẹ. Ọ̀gá Múfú juwọ́ sí i bí ọba.

Ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, Alhaja sọ̀ kalẹ̀, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó wo àpò ìyẹ̀fun lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi dúró bí ọmọ ilé ìwé tó ń retí máàkì. "Ọkọ̀ kò dúró," Alhaja wí níkẹyìn. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò yí padà, iṣẹ́ ti di tiyín. Ṣùgbọ́n ní Mọ́ńdè mi ò ní sí nínú ọkọ̀ láti máa bá yín wọ yàrá oníyàrá. Ìyá, bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Tí ìyẹ̀fun mi bá ti ara ìjà ilé ìdáná dúró lórí afárá, màá wá ẹlòmíràn." Ìyá Àgbà wo ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí a délé ní Ajégúnlẹ̀, Ìyá Àgbà kò tiẹ̀ mu omi. Ó lọ dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn Ìyá Sílífà, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn kí wọ́n má baà kan igi.

"Ìyá Sílífà."

"Ta nìyẹn?" Ó mọ ohùn náà dáadáa. Ó ń họ ẹja nínú yàrá.

"Èmi ni. Mi ò kan ilẹ̀kùn. Gbọ́. Ó dùn ọ́ pé o kì í ṣe ìkarùn-ún. Láti Àpápá títí dé Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, a ò dé ọ̀dọ̀ Lándíọ́ọ̀dù rárá. Kò wúlò. Nígbà tí òkè dé, tí ọkọ̀ fẹ́ yí padà sẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo wa, ọ̀dọ̀ tìrẹ la sá lọ. Ìwọ lo gbé wa gùn ún. Alhaja fúnra rẹ̀ ló pariwo orúkọ rẹ lórí afárá."

Ọ̀bẹ dákẹ́. "Alhaja oníbúrẹ́dì? Ó pe orúkọ mi?"

"Gbogbo ẹni tó wà lórí afárá Ìjọra ló gbọ́."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Sílífà dúró níbẹ̀, ìpẹ́ ẹja kún apá rẹ̀. "Kí lẹ wá ń dúró síta fún, Ìyá?"

"Mo búra pé ọwọ́ mi ò ní kan ilẹ̀kùn rẹ."

"Ọwọ́ yín ò kàn án. Èmi ni mo ṣí i, mo sì ṣí ti inú ọkọ̀ náà fún yín." Ó di ọrùn ọwọ́ Ìyá Àgbà mú, ó sì fà á wọlé. Mo gbọ́ tí àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá. Bàbá mi tó ti fara ti ògiri láti ìgbà yẹn mí kanlẹ̀, ó jókòó sórí símẹ́ńtì, ó ní kí màmá mi fi ẹja méjì sí i lórí ẹ̀bà òun.

Lándíọ́ọ̀dù yọrí jáde ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Mo gbọ́ o!" ó wí. "Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀! Ta ni ẹ ní kò wúlò?"

Ohùn Ìyá Àgbà jáde láti yàrá Ìyá Sílífà. "Ẹ fara balẹ̀, Lándíọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé wa dé ọ̀nà Ìbàdàn, ẹ̀yin náà á wúlò."